Tí O Bá Ní Kí N Dúró

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé aránbàtà, bàtà mi ló kọ́kọ́ kí, kì í ṣe èmi. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́, mo na ẹsẹ̀ síwájú nítorí pé ó ń ro mí, ni ọkùnrin kan tó ń wá ibi tó máa jókòó sí bá dúró níwájú mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo bàtà náà tinú tẹ̀yìn, ó ní, “Ẹ káalẹ́, mà. Ta ló rán èyí?”

Mo ní mo rà á ni. Ó mirí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ó ní bàtà yẹn ló ń dá ẹsẹ̀ mi lóró, kì í ṣe ọjọ́ orí o.

Inú bí mi. Mi ò sọ fún un pé ẹsẹ̀ ń dùn mí, mi ò sì rántí ìgbà tí èmi àti ẹ̀ jọ jókòó sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí mi. Mo fa ẹsẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, mo kọjú sí pátákó. Ó jókòó tì mí bí ẹni tí mo ti ń gba àyè sílẹ̀ dè látàárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú kíláàsì tó jẹ́, torí mo mọ̀ pé ó máa pa yín lẹ́rìn-ín. Ilé ìtọ́jú àdúgbò wa máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru àti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kò sẹ́ni tó ń lọ. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó ń lọ síyẹn náà. Ni ọlọ́gbọ́n kan nínú ọ́fíìsì bá pa méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì á gbọ́ nípa iyọ̀ àti ẹ̀fọ́, ẹni tí nọ́ọ̀sì bá sì lé wá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru á kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Tíṣà wa jẹ́ obìnrin kan tó sanra dáadáa, tó máa ń jẹ bisikíìtì lábẹ́ tábìlì nígbà tó bá ń kìlọ̀ fún wa nípa ṣúgà. A fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Nọ́ọ̀sì ló lé èmi wá. Aránṣọ ni mí, aṣọ ilé ìwé ni mo sì ń rán jù: kọ́là, àpò, bọ́tìnnì, kọ́là, àpò, bọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ò bí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọ yunifásítì, èmi ni mo fi ìwé sílẹ̀ kí n lè bá ìyá wa ṣiṣẹ́. Nígbà tó gbéyàwó, èmi ni mo rán aṣọ gbogbo ilé. Nígbà tí ìyá wa dùbúlẹ̀ àìsàn, èmi náà ni mo dúró tì í títí ó fi lọ. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Wọ́n kàn máa ń wo ọ̀dọ̀ mi ni, èmi náà á sì dìde. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó ṣe nǹkan fún mi rí láyé mi. Kì í ṣe ìgbéraga, mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sẹ́nu ni.

Lẹ́yìn tí ìyá mi lọ, mo wá rí i pé yàrá méjì pọ̀ fún ẹnì kan. Mo máa ń tan rédíò sílẹ̀ ní yàrá tiwọn kí nǹkan lè máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo máa ń se oúnjẹ ẹni méjì torí ọwọ́ mi ò mọ ti ẹnì kan wọ̀n. Tí mo bá sín, màá dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ní pẹ̀lẹ́. Ó burú débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹ̀rọ ìránṣọ mi káàárọ̀.

Ohun tí Tíṣà ń kọ́ wa lásìkò yẹn ni ọ̀rọ̀ kékeré kan, ‘if’. Ó ní ẹni tó bá ti lè lo ‘if’ dáadáa, ó ti gbọ́ ìdajì Gẹ̀ẹ́sì. Oríṣi mẹ́ta ló pín in sí. Àkọ́kọ́ ni ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́: tí o bá dín iyọ̀ kù, ẹ̀jẹ̀ rẹ á wálẹ̀. Ìkẹta ni ohun tó ti bọ́: ká ní ó sinmi ni, kì bá tí kú. Ó ní ká ṣì fo ìkejì ná, ó le ju àwọn yòókù lọ, a máa padà dé ibẹ̀. Ó sì fi kún un pé ibikíbi tí a bá ti rí ‘ed’ nídìí ọ̀rọ̀ ìṣe, ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá. Mo gbé ìyẹn mì pátápátá.

Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹnu ya èmi gan-an. Ọpọlọ tí mo ti pa tì láti kékeré tún dìde jókòó, kò tiẹ̀ bínú sí mi.

Aránbàtà ní tiẹ̀, kí Ọlọ́run ṣàánú fún un. Tíṣà ní kó sọ gbólóhùn kan nípa oúnjẹ tó ń ṣara lóore, ó dìde, ó fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wálẹ̀, ó ní, “If I eat vegetable, I will die.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà bi í bóyá ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn. Ó ronú díẹ̀, ó ní pẹ̀lú irú ẹ̀fọ́ tí òun fúnra òun máa ń sè, ó ṣeé ṣe.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ohùn ara mi bí mo ṣe ń rín in, mi ò sì tètè mọ̀ pé tèmi ni.

Iṣẹ́ àṣetiléwá wa ni rírìn. Tíṣà ní kí àwọn tó jọ jókòó máa rìn papọ̀ nírọ̀lẹ́, kí wọ́n sì máa fi ‘if’ sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn, kí ẹsẹ̀ àti ẹnu lè jọ máa jẹ èrè. Bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ǹṣì ṣe yan aránbàtà fún mi. A máa ń gba ojú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, a ó kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, a ó yí pápá bọ́ọ̀lù po, a ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé iṣẹ́ ọṣẹ padà. Òórùn ọṣẹ máa ń wà lára wa tí a bá fi máa délé.

Ojú ọ̀nà yẹn ló ti sọ ìdí tó fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún mi. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, wà lókè òkun. Ó ti ní ọmọ kan níbẹ̀, ó sì tún ti lóyún. Inú ọkọ̀ òkun ni ọkọ ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó wálé. Ọmọ fẹ́ kí bàbá òun wá máa bá òun gbé. Ìwé ti ń lọ, wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ò sì gbọ́ Yorùbá.

“Mo máa ń dáhùn yẹ́ẹ̀sì sí gbogbo ohun tó bá bi mí lórí fóònù,” ó ní. “Lọ́jọ́ kan ó bi mí bóyá mo ti kú. Mo ní yẹ́ẹ̀sì.”

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó tàn mí. Mo mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe ń já gaara sí i ló ṣe ń jìnnà sí mi sí i. Èmi náà ni mo sì ń kọ́ ọ. Màá tún gbólóhùn rẹ̀ ṣe, yóò tún un sọ, yóò gbà á, inú mi á dùn, àyà mi á sì já.

Ó gbé fóònù fún mi nígbà kan tí a ń rìn, kí n bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohùn ọmọ náà dún bí ti ẹni tó ti rẹ̀. Ó ní, ẹ ṣé gan-an, mà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń bá wa kọ́ wọn. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un le, kí wọ́n lè tètè wá. Mo ní kò sí wàhálà.

Ohun kan wà nínú Gẹ̀ẹ́sì yẹn tí mo fẹ́ràn tí mi ò sọ fún Tíṣà. Aránbàtà jù mí lọ, mi ò lè fi ‘o’ bá a sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ẹnu mi ò gbà á. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ò mọ ‘ẹ’, kò mọ ‘o’, ‘you’ ni gbogbo wa. Tí a bá ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, a dọ́gba. Mo máa ń wá ìdí láti sọ ‘you’ fún un. Obìnrin tó ti tó mi yìí.

Lọ́jọ́ kan ó ní òun ò lè fara dà á mọ́ kí òun máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà tó ń fìyà jẹ èèyàn. Ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yàrá tóóró kan tó ń rùn fún awọ àti àtè, tí bàtà àwọn oníbàtà kún gbogbo ara ògiri. Ó ní kí n bọ́ bàtà. Ó gbé ẹsẹ̀ mi lé orí páálí, ó fi pẹ́ńsùlù yí i ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn mí, yàtọ̀ sí nọ́ọ̀sì. Ojú tì mí pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi nítorí pẹ́ńsùlù.

“O máa ń tẹ ẹsẹ̀ òsì ju ọ̀tún lọ,” ó ní. “Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ lo ti kó o. Àwa méjèèjì, nǹkan la jọ ń rán.”

Ibẹ̀ ló ti yọ ‘ẹ’ kúrò nínú ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ. Mo gbọ́ ọ. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà yẹn, kí n má purọ́. Bàtà náà jáde, ó jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, ó rọ̀. Mo rìn nínú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo tún rìn padà, mi ò sì rí nǹkan sọ ju ẹ ṣé lọ.

Físà rẹ̀ jáde. Ó yege nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, ó wá sọ fún mi, kò rẹ́rìn-ín. Mo bá a yọ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹrù.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pè mí. Ìrọ̀lẹ́ kíláàsì ni, mo pa kíláàsì jẹ, mo lọ. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá, ó gbé àga súnmọ́ mi, mo sì ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí n dìde fún nǹkan. Wọ́n ní ilé àwọn tóbi, àwọn ọmọ ń padà bọ̀ láti ilé ìwé sínú ilé òfìfo, èmi náà ń dá gbé, kí ló dé tí mi ò kúkú kó wá? Ẹ̀gbọ́n mi ní kò dáa kí aráyé máa rí i pé àbúrò òun ń dá gbé bí ẹni tí kò lẹ́bí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó.

Ìyàwó rẹ̀ ní ṣé nítorí aránbàtà yẹn ni. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní, “Èyí tó ń lọ sókè òkun? Kí lo fẹ́ fi ẹni tó ń lọ ṣe?” Ìbéèrè tó dáa ni, èmi náà ti ń bi ara mi.

Ọ̀sẹ̀ tí aránbàtà máa lọ ni a rin ìrìn wa ìkẹyìn. Ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù, ó ń sọ̀rọ̀ nípa òtútù, ó ń dá a dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé iṣẹ́ ọṣẹ, ó dúró, ó kọjú sí mi, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ dìde dáhùn ní kíláàsì. Ó ní, “If you asked me, I would stay.”

Ó sọ ọ́ dáadáa. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀ tí mo lè tún ṣe. Mo túmọ̀ rẹ̀ lọ́kàn bí mo ṣe máa ń túmọ̀ gbogbo nǹkan: ‘asked’, ‘ed’ wà nídìí rẹ̀, ó ti kọjá. Ká ní o ti sọ fún mi ni, ǹ bá ti dúró. O ò sọ. Ó ti tán.

Ẹ̀dùn ọkàn tó bá mi kò ṣeé fẹnu sọ. Mo wò ó pé ó ń dá mi lẹ́bi, pé ó dúró dè mí títí tó fi sú u, ó sì wá ń sọ fún mi nígbà tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Mo mí kanlẹ̀. Mo ní, “Ọlọ́run á mú yín gúnlẹ̀ láyọ̀.”

Ó ń wò mí. Ó wò mí títí. Ó wá ní àmín, ó ní ẹ ṣé. Ó ti dá ‘ẹ’ padà sí i. A rin ọ̀nà tó kù láìsí ‘if’ kankan.

Lẹ́yìn tó lọ, mo padà sínú yàrá méjì mi. Ìnira rẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mi ò ní ẹni tí mò ń wá. Báyìí, ẹnì kan ṣoṣo ni kò sí, àìsí rẹ̀ sì wà níbi gbogbo. Mo ń rin ojú ọ̀nà wa nìkan, mo ń fi ‘if’ sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹnu, àwọn tó ń lẹ táyà á kí mi, wọ́n á ní ọ̀gá bàtà ńkọ́? Màá ní ó ti lọ. Wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́, àbí kí ni wọ́n fẹ́ kí n wí? Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan láti fi tó mi létí pé òun ti gúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa gbẹ. A kí ara wa bí àwọn tó pàdé ní báńkì.

Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé màá kó wá. Mo ti di aṣọ ìyá mi sínú àpótí. Ìgbà tí mo wá padà sí kíláàsì pé kí n lọ dágbére ni Tíṣà ń ṣe àtúnyẹ̀wò, ó sì kọ gbólóhùn kan sí pátákó: If I walked every day, I would be stronger.

Ó ní ká má jẹ́ kí ‘walked’ yẹn tàn wá. Ó ní bó ṣe ní ‘ed’ nídìí yìí, kò kọjá rárá. Ọ̀nà ṣì wà, ẹsẹ̀ ṣì wà. Ó ní ẹni tó ń sọ ọ́ kàn ń fi ìtìjú sọ ohun tó wù ú ni, kò dá a lójú pé ó máa rí bẹ́ẹ̀.

Mo dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí, mo bi Tíṣà nígbà wo ló ti kọ́ wọn ní èyí. Ó ronú, ó ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ò wá yẹn ni, ìkejì tá a fò. Mo ní tí ẹnì kan bá wá sọ pé ‘if you asked me’ ńkọ́? Tíṣà gbé bisikíìtì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Ẹni yẹn ń bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ ọ́ ni.”

Mi ò dúró kí kíláàsì parí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sílé ni mo rántí irú ẹni tí aránbàtà jẹ́, ẹni tó ní ẹ̀fọ́ máa pa òun. Bóyá ó ṣi í sọ ni. Bóyá ìkẹta ló fẹ́ sọ, tó gbàgbé apá kan. Kò sí ọ̀nà míì tí mo fi lè mọ̀ ju kí n bi í léèrè lọ.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló gbé fóònù. Mo sọ Gẹ̀ẹ́sì fún un, ó sì yé e, ó ní kí n dúró. Mo gbọ́ tí aránbàtà ń bọ̀ wá, mo gbọ́ ìkókó tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò kí i. Mo ní, “Ohun tí ẹ sọ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá.”

Ó ti ilẹ̀kùn, ẹkún ìkókó náà sì dákẹ́. Mo rò pé ó ti gé.

“Tí o bá ní kí n dúró, màá dúró,” ó ní. “Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ́ ọ. Mo rò pé o gbọ́.”

“Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó ti pẹ́ jù.”

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu, èmi tí mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí. Mo ní, “Máa bọ̀.” Mi ò fi ‘ẹ’ sí i. “Wá sílé. Mi ò fẹ́ máa dá wà láìsí ìwọ.”

“Ẹni tèmi,” ó ní, ohùn rẹ̀ sì já.

Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ rẹ̀ ti bí, ọkọ wà lórí omi, ọmọbìnrin náà kì í sùn, ó ń lọ síṣẹ́ pẹ̀lú ojú pípọ́n. Òun lòun ń fún ìkókó lóúnjẹ, òun lòun ń mú èyí ẹ̀gbọ́n lọ sílé ìwé. Kò lè fi í sílẹ̀ báyìí. Ó ní tí ọmọ yìí bá ti ń rìn, òun máa wá. Mo ní màá dúró.

Mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mi ò kó wá mọ́. Ó bínú. Ó ní ẹni tó ti débẹ̀ kì í padà, ó ní ojú á tì mí. Ìyàwó rẹ̀ ò tiẹ̀ gbé omi wá lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún wọn pé mo ń dúró de ẹnì kan, bí kò bá sì wá, èmi ni mo dúró, kò sẹ́ni tó rán mi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ẹsẹ̀ ọmọ tí mi ò rí rí. Ó ń pè mí déédéé báyìí, ó ń pè mí ní ẹni tèmi, àyànfẹ́ mi, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo ń fi í ṣe. Ó ní ọmọ ti ń jókòó. Ó ní ọmọ ti ń rákò. Ó ní ó ti di àga mú, ó ti dìde dúró. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, ó bi mí ohun tí mo ń jẹ. Mo ní iyọ̀ ni mo dín kù.

Àmọ́ nígbà tó yá, ìròyìn ọmọ dúró sójú kan. Tí mo bá bi í, á ní ó ṣì ń di àga mú. Á yí ọ̀rọ̀ padà, á bi mí nípa bàtà. Mi ò fẹ́ dà bí ẹni tó ń lé ọmọdé, mo dákẹ́. Mo tún ń tan rédíò sílẹ̀ ní yàrá ìyá mi.

Ọ̀sán kan ni fóònù dún, ohùn obìnrin ló wà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni. Mo rò pé nǹkan ti ṣe bàbá rẹ̀. Ó kí mi, ó bi mí bí mo ṣe wà, ó wá ní, “Ọmọ ti rìn, mà.”

Mo bi í nígbà wo. Ó ní ó ti pẹ́ díẹ̀, bàbá òun ló ní kí òun má tíì sọ. Mo jókòó. Mo ní ṣé kò fẹ́ wá mọ́ ni.

“Wọ́n fẹ́ wá,” ó ní. “Èmi ni wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa fi sílẹ̀. Mo rí wọn lánàá, wọn ò mọ̀ pé mo ń wò wọ́n. Ọmọ ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó. Wọ́n ń sunkún, mà.”

Ó ní òun ti gba tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, òun máa sọ fún wọn tí wọ́n bá dé, wọ́n mú àwọn ọmọ jáde. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n bá mi jiyàn. Mo bi í bóyá ó máa lè dá a ṣe. Ó ní rárá, òun ò lè ṣe é, àmọ́ kí wọ́n máa bọ̀. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbà á lẹ́nu.

Mo mọ irú ẹkún yẹn. Ẹkún ẹni tó máa ń dìde fún gbogbo èèyàn ni. Mo lè sọ pé kó jẹ́ kí bàbá rẹ̀ dúró, ó wá sí mi lẹ́nu, mi ò sọ ọ́. Mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kó máa bọ̀ wá sílé, ọkàn mi sì ń bà jẹ́ fún ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ní méjèèjì nínú pa pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ní kó má pa fóònù. Mo ní ṣé ó ti jẹun, ó ní rárá. Mo ní kó lọ wá nǹkan jẹ, kó gbé mi dání lọ sí ilé ìdáná. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ tó ṣí ìkòkò, mo gbọ́ ṣíbí. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, òun wà nídìí oúnjẹ rẹ̀, a ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá tún fẹ́ sunkún, màá ní kó jẹ ṣíbí kan sí i.

A wà bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbọ́ ilẹ̀kùn wọn tó ṣí, ariwo ọmọdé, àti ohùn aránbàtà tó ń bi í ta ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Màámi ni.”